Ọmọ yín fẹ́ ṣe triathlon? Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kí ọmọ tó wọ omi

Lọ́dọọdún, bí oòrùn bá ti ń ràn díẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ilé ìwé tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́: ìdíje triathlon àwọn ọmọdé ń bọ̀, ta ló fẹ́ kópa? Ọmọ á ti fò sókè pé òun fẹ́. Òbí á lọ wo Google, ohun tó sì máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni Ironman: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà kí èèyàn tún fẹsẹ̀ sá 42.2. Àyà á já. Mo mọ ìyá tó ya fọ́ọ̀mù dànù torí ìyẹn. Mo sì mọ bàbá tó ní ṣebí eré ọmọdé lásán ni, tó gbé ọmọ tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ dé ìdajì adágún lọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó là á yé àwọn méjèèjì ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kò pọ̀. Ìdíje àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹni tó yára jù. Kí ọkàn ọmọ balẹ̀ nínú omi, kó sì lè dá nǹkan ara rẹ̀ ṣe níbi tí ìyá àti bàbá ò ti lè nawọ́ kàn án, ohun méjì tó yẹ kí ẹ fi gbogbo agbára múra sílẹ̀ fún nìyẹn.

## Kí ni triathlon gan-an?

Eré ìje kan ṣoṣo ni, tó ní apá mẹ́ta. Ọmọ á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á wá fẹsẹ̀ sáré parí rẹ̀. Kò sí ìsinmi láàrin. Aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nígbà tó wọ omi kò ní dúró títí á fi kọjá ìlà tó gbẹ̀yìn.

San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe ìdíje, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, èèyàn 46 ló sì kópa. Ó wọ Òlíḿpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000. Ti Òlíḿpíìkì jẹ́ kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́ àti 10 lórí ẹsẹ̀. Ironman tó ń já òbí láyà jẹ́ oríṣi kan tí àwọn àgbà ń ṣe fúnra wọn, kò sì sí ẹni tó máa gbé e síwájú ọmọdé.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé eré àwọn olówó tó ń gbé lẹ́yìn ìlú ni. Alex Yee tó gba wúrà ní Paris lọ́dún 2024, ọmọ Lewisham ni, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Hayden Wilde ará New Zealand ti wà níwájú rẹ̀ nínú eré ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin ni Yee lé e bá, tó sì kọjá lára rẹ̀. Inú àwọn òpópónà tí àwọn ọmọ tiwa náà ń rìn lọ sílé ìwé ni Yee ti dàgbà.

## Báwo ló ṣe gùn tó fún ọmọdé?

British Triathlon, àjọ tó ń darí eré yìí ní Bìrìtéènì, pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn. Orúkọ ìsọ̀rí wọ̀nyí ló máa ń da òbí rú nínú lẹ́tà. TriStart ni ti ọmọ ọdún 8. TriStar 1 ni ti ọdún 9 sí 10, TriStar 2 ti ọdún 11 sí 12, TriStar 3 ti ọdún 13 sí 14. Lẹ́yìn ìyẹn ni Youth, ọdún 15 sí 16. Ọjọ́ orí tí ọmọ máa pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún ìdíje ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, ọmọ tó máa pé ọdún 9 nínú oṣù Kọkànlá á bá àwọn ọmọ ọdún 9 sáré nínú oṣù Kẹfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 8 ló ṣì wà lọ́jọ́ náà.

Bí ibi ìdíje bá ṣe rí ni gígùn rẹ̀ ṣe máa ń yàtọ̀, ẹ ka lẹ́tà tiyín dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ọmọ ọdún 9 tàbí 10, ohun tí ẹ máa bá pàdé sábà máa ń jẹ́ bíi mítà 150 nínú omi, kìlómítà 2 sí 4 lórí kẹ̀kẹ́, àti kìlómítà kan lé díẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ti àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrú sí i. Ọ̀pọ̀ ìdíje àwọn ọmọdé ló máa ń wáyé nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì gun kẹ̀kẹ́ nínú ọgbà ìṣeré tàbí lójú ọ̀nà tí wọ́n ti dí mọ́ mọ́tò. Bí lẹ́tà bá sọ pé odò tàbí adágún gbalasa ni, ẹ béèrè ìbéèrè tó pọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, adágún inú ilé ni mo fara mọ́.

## Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ omi?

Ọmọ tí kẹ̀kẹ́ bá sú lè sọ̀ kalẹ̀, kó máa tì í lọ. Èyí tí eré sísá bá sú lè rìn. Inú omi nìkan ni èèyàn ò ti lè dúró kó máa ronú.

Ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ England sọ pé ó kéré tán, kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 25 kó tó kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú òbí máa ń dùn bí olùkọ́ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ti ṣe é. Àmọ́ mítà 25 yẹn, láti etí kan sí èkejì ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mítà 150 jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọmọ ò sì ní rí ààyè omi fún ara rẹ̀ nìkan: ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á máa ta omi sí i lójú, ẹnì kan á máa kàn án ní gìgísẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ìkìlọ̀ ni wọ́n fi mọ omi: má lọ sódò. Ẹ̀rù yẹn ò ṣàìní ìdí, ó sì bá wa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìṣirò Sport England, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá níbẹ̀, ni pé nínú ọmọ aláwọ̀ dúdú 10 ní England, nǹkan bíi 8 ni kì í lúwẹ̀ẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá Black Swimming Association sílẹ̀ lọ́dún 2020. Alice Dearing, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣojú Bìrìtéènì nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ní Òlíḿpíìkì, ní Tokyo. Bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá lè lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ṣáà má fi ara yín ṣe olùkọ́ ọmọ nínú omi. Ẹ fi í lé ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìwọ̀n tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí nìyí: kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì gígùn ìdíje lọ́jọ́ tí kò sí eré, láìbẹ̀rù, kó tó forúkọ sílẹ̀. Kò pọn dandan kó yára. Kó mọ bí a ṣe ń mí èémí jáde sínú omi. Bí ẹ̀rù bá dé lójijì, kó lè yí ẹ̀yìn délẹ̀, kó léfòó, kó sì nawọ́ sókè pe ẹ̀ṣọ́. Kí awò ìlúwẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́, kó sì máa lọ láìsí i. Bó bá rẹ̀ ẹ́ láàrin ìdíje inú adágún, ó lè di etí ògiri mú kó mí kanlẹ̀. Kò sí ẹni tó máa lé e jáde torí ìyẹn, ẹ sì sọ ọ́ fún un ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ẹni tó bá dúró ti kùnà.

Ọmọ tí kò bá tíì dé ìwọ̀n yìí, ẹ jẹ́ kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ìdíje míì wà tí wọ́n ń pè ní duathlon, tí kò sí omi nínú rẹ̀ rárá: wọ́n á sáré, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á tún sáré. Ọmọ lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láìsí ìtìjú kankan.

## Irun ọmọbìnrin ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kì í sí nínú ìwé àwọn tó ṣètò ìdíje, ìyá kan kì í sì í ṣàì bi mí. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pín, orí tí irun rẹ̀ kéré ni wọ́n rán an fún. Bí ọmọ bá di irun púpọ̀, fìlà á máa fà sókè títí á fi já bọ́. Àwọn kan ti ṣe fìlà tó láàyè fún irun wa, Soul Cap. Àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé kọ̀ ọ́ ṣáájú Òlíḿpíìkì Tokyo, ariwo sì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2022. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣètò pé irú rẹ̀ ni ọmọ yín máa dé.

Ẹ tún rántí akoto orí kẹ̀kẹ́. Ṣùkú rẹwà, ṣùgbọ́n òkìtì irun tó wà láàrin orí kò ní jẹ́ kí akoto jókòó. Kólẹ́sẹ̀ ló dára jù fún ọ̀sẹ̀ ìdíje, torí ó lẹ̀ mọ́ orí, ó sì kó gbogbo irun lọ sí ìpàkọ́. Kí ìlẹ̀kẹ̀ má sí nínú rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ rin irun, kí ẹ fi òróró pa á kó tó wọ adágún, kí oògùn inú omi má bàa gbẹ ẹ́.

## Ṣé dandan ni ká ra kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi?

Kò pọn dandan. Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ń gùn lọ sí ilé ìwé tó, bí bíréèkì méjèèjì bá ń mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kanlẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ dúró. Kẹ̀kẹ́ tó tóbi jù, tí òbí rà pé ọmọ á dàgbà bá a, ni mo kórìíra jù lọ ní ibi ìdíje. Ọmọ kì í lè darí rẹ̀ ní kọ́nà.

Àwọn òṣìṣẹ́ á yẹ kẹ̀kẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà iwájú: ṣé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣé àgbá rẹ̀ kò mì? Ẹ gòkè wá sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́: ṣé bíréèkì mú, ṣé ìdérí wà ní ojú irin méjèèjì? Irin tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lè gún ọmọ bó bá ṣubú, wọn kì í sì í gbà á. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ́dàlì àti ṣéènì, ẹ gòkè sí ìjókòó, ẹ wá parí rẹ̀ sí táyà ẹ̀yìn.

Ní Bìrìtéènì, bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń mú táyà iwájú. Ọmọ tó bá fún òun nìkan pọ̀ lójijì lè ré kọjá orí kẹ̀kẹ́. Ẹ kọ́ ọ kó máa fún méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ó tó dé kọ́nà. Ẹ tún kọ́ ọ kó lè wẹ̀yìn láìyà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ilé ìwé rẹ̀ bá ní ètò Bikeability, tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó pàdánù rẹ̀.

## Kí ni T1 àti T2 tó wà nínú lẹ́tà?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, ibẹ̀ náà ni ọmọ ti máa ń sunkún. T1 ni ìyípadà láti omi sí kẹ̀kẹ́. T2 ni ìyípadà láti kẹ̀kẹ́ sí eré ẹsẹ̀. Ojú kan náà ni méjèèjì ti ń ṣẹlẹ̀, nínú ọgbà kan tí wọ́n fi irin yí ká, tí kẹ̀kẹ́ gbogbo ọmọ wà lórí ìdúró ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé nọ́ńbà wọn.

Ẹni tó bá ti rí eégún alárìnjó á mọ ohun tí mò ń sọ. Òṣèré á yí aṣọ rẹ̀ dà lójú agbo, á di ẹranko, á di ìyàwó òyìnbó, ìlù ò sì ní dákẹ́ dè é. Aago triathlon náà kì í dákẹ́ nígbà tí ọmọ ń wá bàtà.

Òfin tó sì le jù níbẹ̀ ni pé òbí kò gbọdọ̀ wọlé. Ní ọgbà kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo wo ọmọkùnrin kan tó jáde nínú omi ṣáájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ sórí ẹsẹ̀ tó tutù. Ìbọ̀sẹ̀ ká mọ́ gìgísẹ̀, kò lọ síwájú, kò bọ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin ọgbà, ó ń pariwo, “Olówó orí mi, ju ìbọ̀sẹ̀ nù! Ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bẹ́ẹ̀!” Omi ṣì wà létí ọmọ, kò gbọ́. Gbogbo àwọn tó fi sílẹ̀ nínú omi gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ níṣojú rẹ̀. Ọmọ yẹn lágbára, ó sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ohun tí kò ṣe rí ni kó wọ bàtà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù.

Nítorí náà, ẹ ṣe é nílé, nínú àgbàlá tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ da omi sí i lára. Ẹ tẹ́ táwẹ̀ẹ̀lì kékeré sílẹ̀, kí bàtà wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ fi okùn bàtà tó ń fà, tí kò nílò síso, rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì bu páúdà díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè yọ̀ wọlé láìsí ìbọ̀sẹ̀. Kí akoto dojú délẹ̀ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí okùn rẹ̀ ṣí sí ọ̀tún àti òsì. Kí bẹ́líìtì tí wọ́n so nọ́ńbà ìdíje rẹ̀ mọ́ wà nínú akoto, kó má bàa gbàgbé rẹ̀: nọ́ńbà á wà lẹ́yìn ọmọ nígbà tó bá ń gun kẹ̀kẹ́, á yí i wá síwájú nígbà tó bá fẹ́ sáré.

Ẹ jẹ́ kó há òfin akoto sórí ju gbogbo òfin yòókù lọ. Kó dé e, kó sì so okùn rẹ̀ pa, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan kẹ̀kẹ́. Bó bá padà dé, kó gbé kẹ̀kẹ́ sórí ìdúró tán, kó tó tú u. Á máa sáré ti kẹ̀kẹ́ lọ títí á fi kọjá ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, kó tó gùn ún, á sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ìlà náà nígbà tó bá ń bọ̀. Ọmọ tó bá ṣe èyí nílé lálẹ́ mélòó kan tẹ̀ lé ara wọn, ara rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n kí orí tó rántí.

Kí ó rin káàkiri ọgbà náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kó mọ ibi tó máa gbà wọlé láti inú omi àti ibi tó máa gbà jáde. Kẹ̀kẹ́ bíi ọgọ́rùn-ún jọra lójú ọmọ tí omi ń kán lójú rẹ̀. Táwẹ̀ẹ̀lì tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn á ràn án lọ́wọ́.

## Báwo ni kó ṣe múra eré ẹsẹ̀?

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ń sáré ní gbogbo ìgbà. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ máa ń wúwo bí igi nígbà tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, torí iṣan tó ti ń yí pẹ́dàlì kò tíì yí ọkàn padà. Ó máa ń lọ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó gun kẹ̀kẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó sì sáré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó má bàa bá a lójijì.

Ẹ má fi gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ gbá a kiri. Bí ọmọ tó ń dàgbà bá ní orúnkún tàbí gìgísẹ̀ ń dun òun, tí ó sì ń padà wá, kì í ṣe ọ̀lẹ. Egungun rẹ̀ ṣì ń gùn ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ sì fi han dókítà.

## Àìsàn wo ló yẹ ká sọ ṣáájú?

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, a sì máa ń fi pamọ́. Níbí, ẹ má fi pamọ́. Omi tútù, àìmu omi tó àti àṣejù wà lára ohun tó ń mú kí ìrora rẹ̀ dìde nínú ọmọ SS, triathlon sì kó gbogbo wọn pọ̀. Kì í ṣe pé ọmọ SS ò lè ṣe eré ìdárayá o. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ló gbọdọ̀ sọ èyí tó lè ṣe, kí àwọn tó ṣètò ìdíje náà sì mọ̀. Bákan náà ni ikọ́ fée: ọmọ á lo oògùn ìfàsímú rẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó lò ó, kí ó sì mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ AS ò ní irú ìṣòro yìí lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí omi mímu rẹ̀ sì máa wà nítòsí.

## Lọ́jọ́ ìdíje, kí ni iṣẹ́ òbí?

Ẹ fún un lóúnjẹ ní bíi wákàtí méjì ṣáájú, ohun tó máa ń jẹ tẹ́lẹ̀: ògì, óòtì, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Iyán àti ọbẹ̀ gbígbóná lè dúró di ọ̀sán. Ẹ mú aṣọ gbígbẹ tó láàyè dání, torí omi adágún máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, ọmọ tó tutù á sì gbọ̀n lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹ má retí pé gbogbo ọmọ á bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sábà máa ń tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, ṣíìpù tí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ló sì ń ka àkókò oníkálukú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó kọ́kọ́ dé ìlà fi lè gba ipò kẹta, tí òbí kan á sì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ jà pé wọ́n rẹ́ ọmọ òun jẹ. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ béèrè kí ẹ tó yọ fóònù létí adágún, torí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í gba fọ́tò àwọn ọmọdé. Ẹ wá ibi tí ọmọ ti lè rí yín nígbà tó bá ń gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀ náà bó bá wù yín. Àṣẹ pé kó yára ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Bó bá sì pinnu pé òun ò lè parí rẹ̀, kó má kàn rìn lọ bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Kó sọ fún òṣìṣẹ́ tó bá sún mọ́ ọn jù, kó sì dá ṣíìpù ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ṣíìpù yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé kò sí ọmọ kankan tó ṣẹ́ kù nínú omi tàbí lójú ọ̀nà, bí ẹyọ kan bá sì dín, gbogbo ìdíje lè dúró títí wọ́n á fi rí ẹni tó ni ín.